Òpó Tó Dákẹ́ ní Kamina, Ẹ̀gẹ́ Tó Fọhùn ní Datcha

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, àti ẹ̀yin òbí wọn tí ẹ máa ń yọjú lójú fèrèsé bí ẹni pé ẹ kàn ń kọjá lọ, mo ti dé o. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí n dáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, mo rí òpó irin tí wọ́n ní ó máa ń bá ìlú òyìnbó sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Mo rí i, mo fọwọ́ kàn án, mo tilẹ̀ kí i. Kò dá mi lóhùn. Ó ti dùbúlẹ̀ sínú koríko, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé egungun, aláǹgbá sì ti fi í ṣe ilé.

Ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ rán mi. Ẹ̀yin lẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹ ní, "Tíṣà, bí ọ̀rọ̀ bá lè gba ojú òfuurufú lọ sí Jámánì, kí ló gbé e?" Mo ní ìgbì ni. Ẹ ní kí ni ìgbì. Mo ní kí ẹ máa kọ̀wé yín. Nígbà tí ìsinmi dé, mo di ẹrù mi, mo kọrí sí Atakpamé, nílẹ̀ Tógò tí ìjọba Faransé ń ṣàkóso báyìí, kí n lọ wo ibi tí ìgbì náà ti ń jáde. Ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọmọbìnrin kan lójú mi. Ẹ mọ̀ mí sí aláwàdà, ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí n kò ní lè rẹ́rìn-ín.

Omi ló ń ṣáájú

Ẹni tó gbà mí lálejò ni Kòfí, ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé tó ti gbé Abẹ́òkúta rí, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rélùwéè báyìí. Iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè, ó sì fi mí ránṣẹ́ sílé bàbá rẹ̀ ní Datcha, láàrin àwọn àgbẹ̀.

Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Kòfí pẹ̀lú òógùn lójú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: Abẹ́òkúta ni mo ti wá, ọmọ yín ló júwe ilé, òpó Kamina ni mo fẹ́ rí. Gbogbo ilé ń wò mí bí ẹni tó bọ́ ṣòkòtò láàrin ọjà. Ewúrẹ́ wọn nìkan ló kí mi: ó ti gé etí fìlà mi jẹ kí n tó mọ̀.

"Ànàgó," ni Bàbá Kòfí wí. Orúkọ tí wọ́n ń pe irú wa lọ́hùn-ún nìyẹn. "Ta ló bi ọ́?"

Ọmọbìnrin kan jáde, ó kúnlẹ̀, ó gbé igbá omi fún mi. Mo mu, mo ta ìyókù sílẹ̀ bí Kòfí ti kọ́ mi. Ìgbà náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀: wọ́n kí mi kú ọ̀nà, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n béèrè ewúrẹ́ tí n kò ní. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ara rẹ̀ jókòó. "Ọ̀dọ̀ wa níbí, àlàáfíà ni. Kí lẹsẹ̀ ń wá?"

Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn mi orí, bí ẹni pé wọn kò gbọ́ ọ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àlejò kì í rojọ́ kí wọ́n tó bi í, onílé kì í béèrè kí omi tó gba ọ̀fun àlejò kọjá. Bí inú ń bí wọn, bí òjò ń rọ̀, omi ló ń ṣáájú. Ní ti èdè wọn, ó dà bí ìgbà tí ìyá ìyá mi bá ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì: mo mọ̀ pé tiwa ni, ṣùgbọ́n mo ní láti na etí. Bí wọ́n bá wá da Faransé àti Ewe lù ú, mo di odi.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ń rìn bíi tèmi nínú ilé náà, bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Òun ni ọmọbìnrin olómi yẹn, Yáwà, ìyàwó tuntun tí Kòfí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Notsé ni wọ́n ti mú un wá, Ewe sì ni èdè ìyá rẹ̀. Ó ń dáhùn "Ẹ̀ẹ́n, Ìyá" sí ohun tó yé e àti ohun tí kò yé e. Mo mọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ń lò ó láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Ọlọ́pàá Bàbá Kòfí

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Kòfí ní òun fúnra òun ni yóò mú mi lọ sí Kamina, torí òun wà lára àwọn tó fi orí ru irin nígbà tí àwọn Jámánì ń kọ́ ọ. Ìyá Kòfí ti ń palẹ̀ ọjà mọ́. Yáwà gbé omi tẹ̀lé wa dé oko, ṣùgbọ́n bí a ti kan etí oko, ó dúró gbagidi bí ẹni tó kan ògiri.

"Kí ló dé tí kò wọlé?" ni mo bi Bàbá nígbà tí a ti fi í sílẹ̀ díẹ̀.

"Ìyá ọkọ rẹ̀ kò tíì fà á wọlé. Bí a bá kórè tán, Ìyá Kòfí yóò dì í lọ́wọ́ mú, yóò mú un rìn dé àárín oko. Kó tó di ìgbà yẹn, etí oko ni tirẹ̀. Ìyàwó tó bá dá wọlé, a ní ojú rẹ̀ le."

Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn sí ìlà àkọ́kọ́, létí ọ̀nà gan-an, ó sanra, ewé rẹ̀ ń dán. Mo yìn ín. Bàbá Kòfí rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Ìyẹn? Ọlọ́pàá mi nìyẹn! Ọ̀yà tó bá jẹ ẹ́ kì í lọ sọ fún ọmọ rẹ̀. Olè tó bá wú u, kó máa múra ọ̀run. Ẹ̀gẹ́ dídùn wà nínú lọ́hùn-ún, abẹ́ èèpo tirẹ̀ funfun, ti èyí pọ́n. Èyí, àfi kí a rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rà, kí a fún un, kí a sá a, kí a tó fẹnu kàn án. Ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n níbí."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn. Yáwà ti gbé igbá rẹ̀, ó ń padà sílé.

Ewé tó ń jó

"A máa ń wo orí òpó yìí títí fìlà yóò fi já bọ́," ni Bàbá Kòfí wí nígbà tí a dé Kamina. Ó ta irin kan ní ìpá, aláǹgbá sá jáde. Nígbà tí ogun dé tí ọ̀tá sì ń súnmọ́, àwọn Jámánì fúnra wọn ló wó o lulẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ kó sọ̀rọ̀ rí?"

"Mo rù ú lórí. Ọrùn mi ló ń sọ̀rọ̀ títí dòní."

Adágún omi kan wà lẹ́bàá ahoro náà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ìdáhùn yín. Mo ju òkúta sínú rẹ̀. Òrùka omi ń fẹ̀, ó ń fẹ̀. Ewé gbígbẹ kan wà lórí omi. Ìgbì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ewé gòkè, ewé sọ̀ kalẹ̀, kò kúrò níbi tó wà. Omi kò rìn, ẹ̀yin ọmọ. Mímì ni ó rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òpó: kò sí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Jámánì, òpó kàn mi ohun tí ojú kò rí, ó sì ń mì lọ títí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: láti orí ìgbì kan dé orí ìgbì kejì ni gígùn rẹ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí ewé jó láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀, eré tí ìgbì ń sá nìyẹn. Ti òpó Kamina kì í yí eré padà: bí ewé bá ń jó bí ọ̀dọ́, gígùn á kúrú, bí ó bá ń jó bí àgbà, gígùn á pọ̀.

Bàbá Kòfí wo ewé náà títí. "Ànàgó, nítorí ewé tó ń jó lo ṣe ti Abẹ́òkúta wá? Kò sí omi lọ́dọ̀ yín ni?"

A ń rẹ́rìn-ín lọ́nà bí a ti ń padà. A kò tíì kúrò lágbègbè Atakpamé tí a fi pàdé obìnrin kan tó ru igi. Ó ní ọmọ kan ń ṣàìsàn nílé Bàbá Kòfí. A yára. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ sọ pé ìyàwó tuntun ló fi nǹkan sínú oúnjẹ. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká wọ Datcha, ìyá arúgbó kan di orí mú: ìyàwó láti Notsé ti pa àwọn ọmọ ilé tán, ó sì ti pa Ànàgó àlejò mọ́ wọn.

"Èmi ni Ànàgó yẹn, Ìyá," ni mo wí.

Ó wò mí látòkè délẹ̀, kò gbà mí gbọ́.

Ìgbì omi a máa kéré sí i bí ó ti ń jìnnà. Ìgbì ẹnu, bí ó ti ń jìnnà ló ń ga. Bàbá Kòfí ń sáré, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

Àwo àlejò

Agbo ènìyàn ti kún ojúde ilé. Ìyá Kòfí jókòó sílẹ̀, Àjó, ọmọ ọmọ rẹ̀ kékeré, wà lórí itan rẹ̀. Epo pupa tí wọ́n fi rọ ọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti bì, ó ti bì, kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀ mọ́; ojú rẹ̀ ń yí, èémí rẹ̀ sì ń gé kúrú-kúrú bí ẹni tó sáré gun òkè. Kò sí ohun tó ṣe ẹlòmíràn. Ọmọ kan náà ni.

Yáwà dúró láàrin agbo. Abọ́ kan tí wọ́n fi ìdérí bò wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Tèmi ni abọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Yáwà fẹ́ fi oúnjẹ tí wọ́n fi ń yẹ́ àlejò sí ní Notsé yẹ́ mi sí: fùfú. Fùfú tiwọn yàtọ̀ sí tiwa tí a ń rẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n á se ẹ̀gẹ́ lórí iná, wọ́n á gún un nínú odó bí ẹni gún iyán, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ata gbé e mì. Bí ó ti gún un tán, Àjó sunkún títí ó fi bù fún un. Ó dé tèmi mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹnu kàn án, nítorí ìyàwó kì í ṣáájú àlejò jẹun.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bàbá Kòfí tó jẹ́ olórí ilé, ló wà lórí àga.

"Kí ló dé tí o kò tọ́ ọ wò?"

"Àlejò kò tíì jẹ, Bàbá."

"Ọmọ jẹ, ó ṣubú. Ìwọ tó sè é dúró níbẹ̀, o le koko."

"Ẹ fà á lé kòmáńdà Faransé lọ́wọ́!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn.

"Kòmáńdà kò mọ ilé wa," ni Bàbá Àgbà wí. "Ilé yìí ní ìṣe tirẹ̀. Bí oúnjẹ bá di ẹjọ́, ẹni tó sè é ni yóò jẹ ìyókù lójú gbogbo wa. Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, wàá jí lọ́la."

Yáwà kò sunkún. Ó bomi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Ẹ ṣí i. Màá jẹ ẹ́ tán. Ọwọ́ mi mọ́."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Òtítọ́ ló ń sọ. Ẹni tó fi májèlé sí oúnjẹ ì bá ti máa wá ọ̀nà sá. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni yóò jẹ ẹ́ tán pátápátá, tí yóò lá abọ́ rẹ̀. Yóò sì kú, ikú rẹ̀ ni wọ́n yóò sì fi dá a lẹ́bi.

Torí mo ti rí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tó jẹ fìlà mi yẹn dúró lórí ààtàn, èèpo ẹ̀gẹ́ tútù sì wà níwájú rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó yí ẹ̀yìn padà. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ̀gẹ́ tó kù sì wà nínú rẹ̀, abẹ́ èèpo rẹ̀ pọ́n.

Mo bọ́ sáàrin agbo, mo sì ṣe ohun tí ẹ mọ̀ pé n ó ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

"Ẹ dákun, ẹ gbọ́! Ẹ̀gẹ́ kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá fún ẹran, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe májèlé sínú ara rẹ̀..."

"Kí ló ń wí?"

"Ó ń gbèjà rẹ̀! Kí ló dé tí kò tètè padà wá jẹun rẹ̀?"

"Bóyá òun ló kó o wá."

Wọ́n ń súnmọ́ mi. Bàbá Àgbà na ọ̀pá rẹ̀ sí mi. "Ànàgó, ta ló bi ọ́?"

Yáwà ti ṣí abọ́. Ó ti gé òkèlè.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà ló là mí lójú. Mo fi ìdí lélẹ̀ láàrin agbo, nínú eruku. Mo bọ́ fìlà mi tí ewúrẹ́ jẹ. Mo ní, "Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi ni àlejò ilé yìí. Mo ti ọ̀nà jíjìn dé, òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ kò tíì fún mi lómi."

Ojú ti Bàbá Kòfí, ó wolẹ̀. Bàbá Àgbà gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n mú lọ́rùn ọwọ́.

"Ẹ fún un lómi," ni ó wí.

Ọmọbìnrin kan fẹ́ dìde. Mo ní, "Rárá o. Ìyàwó ilé ló ń fún mi lómi."

"Kó má fi ọwọ́ yẹn gbé omi fún ọ!" ni Ìyá Kòfí ké.

"Ọwọ́ yẹn náà ni mo fẹ́, Ìyá."

Yáwà wo òkèlè ọwọ́ rẹ̀. Ó dá a padà sínú abọ́, ó fọ ọwọ́, ó gbé igbá omi wá, ó kúnlẹ̀. Ìgbì kéékèèké ń sáré nínú igbá náà láti etí kan dé ìkejì. Mo mu ún. N kò mu omi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Gbogbo wọn ń wò mí bóyá n ó ṣubú. Mo ta ìyókù sílẹ̀.

Wọ́n kí mi kú ọ̀nà. Ohùn wọn le, ṣùgbọ́n wọ́n kí mi. Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀. "Ọ̀dọ̀ wa níbí, kò sí àlàáfíà. Kí lẹsẹ̀ ń wá?"

Mo dìde, mo mú ẹ̀gẹ́ kan nínú apẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá Kòfí. "Oúnjẹ ni, Bàbá. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti mú tèmi rèé. Ẹ kọ́kọ́ bá mi gé e jẹ."

Ó gbà á. Ó wo abẹ́ èèpo rẹ̀. Ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó mú ejò.

"Ẹ̀gẹ́ etí oko!"

Bàbá Àgbà dìde lórí àga. Àwọn tó súnmọ́ ibi tó bọ́ sí fà sẹ́yìn. Ọmọ kékeré kan fà sẹ́yìn pẹ̀lú wọn, ọmọ tí kò tíì lè fọn imú ara rẹ̀.

"Yáwà," ni Bàbá Kòfí wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "níbo lo ti wú u?"

"Etí oko, Bàbá."

"Ẹ̀gẹ́ dídùn wà nínú. Kí ló dé tí o kò wọ inú lọ?"

Ó wo Ìyá Kòfí, ó wolẹ̀. "Ìyá kò tíì fà mí wọlé."

Mo bi wọ́n pé ta ló sọ fún un nípa ẹ̀gẹ́ etí oko. Bàbá Kòfí wo Ìyá Kòfí. Ìyá Kòfí wo Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà wo gbogbo agbo. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ta ni yóò máa sọ ọ́?

Ìyá Kòfí fi Àjó lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó dìde, ó gbé abọ́ mi, ó lọ dà á sínú kòtò, ó fi ẹsẹ̀ wa erùpẹ̀ bò ó. Ó padà wá dúró níwájú Yáwà, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

"À bá ti pa ọ́," ni ó wí. "Ìwà rere rẹ là bá sì fi pa ọ́."

Bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń jà

A kò tíì yọ̀ o. Ẹjọ́ parí, èémí Àjó kò tíì balẹ̀. A jókòó tì í. Wọ́n wá bi mí fúnra wọn ní ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín báyìí.

Nínú ẹ̀gẹ́, nǹkan méjì ń gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìkankan kò ṣe nǹkan lóun nìkan. Ṣùgbọ́n bí eyín bá gé e, tàbí odó fọ́ ọ, ògiri á wó, àwọn méjèèjì á pàdé, ìpàdé wọn ni májèlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá yín fi ń rin gàrí, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń fi í sílẹ̀, tí wọ́n sì ń yan án: wọ́n jẹ́ kí ìjà náà jà tán níta, kí omi àti afẹ́fẹ́ gbé májèlé lọ, kó tó dénú wa. Iná nìkan kò tó: ó kàn ń pa èkejì rẹ̀, èyí tó ń tú májèlé jáde, èkíní á wà níbẹ̀, á lọ parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ikùn. Ahọ́n ì bá sì ti kìlọ̀ fún Àjó pé ó korò, ṣùgbọ́n gbígbé mì ni a ń gbé fùfú mì, ata sì ti di ahọ́n lẹ́nu.

Bàbá Àgbà gbọ́ títí. Ó ní, "Òkèlè díẹ̀ ni ọmọ jẹ." Kì í ṣe ìbéèrè, àdúrà ni.

Ilẹ̀ mọ́. Àjó la ojú, ó wo gbogbo wa yíká, ó ní ebi ń pa òun. Yáwà bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun lánàá.

Àárín oko

Ìkórè kò tíì tó. Síbẹ̀, ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ kúrò, Ìyá Kòfí di Yáwà lọ́wọ́ mú níwájú gbogbo ilé, wọ́n kọrí sí oko. Mo tẹ̀lé wọn, ẹrù mi wà lórí.

Ní etí oko, Yáwà tún dúró gbagidi. Ìyá Kòfí fà á. Wọ́n gba àárín ẹ̀gẹ́ sísanra náà kọjá, ewé rẹ̀ ń pa wọ́n léjìká.

"Èyí korò," ni Ìyá Kòfí wí. "Wo abẹ́ èèpo rẹ̀. Ó ń pa ènìyàn. Wí i."

"Ó ń pa ènìyàn."

"Èyí, ẹ̀gẹ́ dídùn ni. Èyí, iṣu ni. Èyí, erèé ni. Èyí, àgbàdo ni."

"Ìyá," ni Yáwà wí, ó sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. "Àgbàdo wà ní Notsé. Mo mọ àgbàdo."

"Dákẹ́," ni Ìyá Kòfí wí, kò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ń sọ ọ́ fún ọ ni. Èyí, àgbàdo ni."